Windows tí kò níwèé àṣẹ: báwo ni mo ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ kí ohùn bàbá mi má sọnù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni mí ní Kétu. Àjàṣẹ́ ni mo ti ra kọ̀ǹpútà mi ní àlòkù, ẹni tó tà á fún mi ló sì fi Windows 10 sí i. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ «Activer Windows» kò kúrò ní igun ojú rẹ̀ mọ́, wọ́n ní kò níwèé àṣẹ. Mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá mi, tó máa ń kọrin Ẹ̀fẹ̀ kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fídíò àti ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé mi. Bàbá ti dolóògbé. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sí D, pé C nìkan lòun máa pa rẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn.

Ọ̀rọ̀ D yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, C àti D kì í ṣe dísíìkì méjì. Ọ̀kan ṣoṣo ni, tí wọ́n là sí méjì bí ẹni fi ògiri là yàrá. Bí ẹni tó ń ṣe é bá ti yan «Effacer le disque», àti C àti D ló máa lọ. Mo ti jókòó ti ẹni tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní Ouando, kò sì sí ohun tí mo lè rí yọ fún un.

Ẹ ra disque dur tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta. Ẹ kó Documents, Images, Musique, Vidéos àti Téléchargements sí i. Ẹ má gbàgbé Bureau, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ń da iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Ẹ wo inú C àti D fúnra wọn pẹ̀lú, bóyá ẹ ti ṣí àpò kan síbẹ̀ rí. Bí disque náà bá kọ fídíò tó ju 4 Go lọ, FAT32, ìṣètò àtijọ́ tí kò gba fáìlì ńlá, ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀. Kí wọ́n fi exFAT, tó ń gba fáìlì ńlá, tún un ṣètò kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i, torí ìṣètò yẹn máa ń nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí kọ̀ǹpútà ń rántí fún yín sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ so disque dur náà mọ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tó ní antivirus. Ẹ má wo orúkọ fáìlì nìkan o: ẹ tẹ ohùn bàbá, kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin. Ẹ tún ṣe ẹ̀dà kejì sórí clé USB, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín kan bá yín tọ́jú rẹ̀ nílé tiwọn.

Kí lẹ máa wá fi sí i? Ẹ lè ra àṣẹ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Windows tó wà níbẹ̀ láìpa nǹkan kan rẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n fi ń fọ́ àṣẹ, tó ṣeé ṣe kó wà nínú Windows yín, sábà máa ń pa ààbò Windows, òmíràn sì ń gbé kòkòrò wọlé. Yàtọ̀ sí èyí, Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ àlòkù àtijọ́ kò ní.

Linux Mint, ètò tó lè rọ́pò Windows pátápátá, ni mo fẹ́ kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni, 4 Go ìrántí (RAM) sì tó o. Kí wọ́n fi sórí clé USB mìíràn, èyí tí kò sí nǹkan yín lórí rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ohùn, Wi-Fi àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó gbà kí wọ́n fi sí i. Kí bátìrì kún, kí iná má bàa lọ láàárín iṣẹ́. Kí wọ́n yan bọ́tìnì AZERTY fún yín. Bọ́tìnì Yorùbá náà wà níbẹ̀, ẹ lè fi tẹ ọ̀rọ̀ orin bàbá pẹ̀lú àmì ohùn.

Ìwé, orin, àwòrán àti fídíò nìkan ni kí ẹ dá padà. Ẹ má kó .exe, ìyẹn fáìlì ètò Windows, kankan wọlé. LibreOffice, ètò ìkọ̀wé inú Linux Mint, máa ṣí ìdánwò tí ẹ fi Word kọ, àmọ́ ẹ yẹ àwọn tábìlì inú rẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti padà sípò, ẹ má nu disque dur náà. Ẹ yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí omi àti oòrùn kò ní dé.