Owó rédíò tí mo fi ìbínú san ní Freiburg

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ló dé tí rédíò àwọn òyìnbó ń bọ́ ọ́kẹ́sírà tó ń ṣe orin tuntun tí kò ládùn létí. Èmi náà bèèrè bẹ́ẹ̀ rí, tìbínútìbínú, torí owó mi wà ńbẹ̀.

Mò ń kàwé ní Freiburg, ní Jámánì. Gbogbo ilé ló ń san owó rédíò níbẹ̀, ẹ ní rédíò o, ẹ ò ní. Yúrò 17.50 ni lóṣù nígbà náà. Mo ní kò kàn mí, mo ń ju lẹ́tà wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí gbèsè fi pé oṣù mẹ́sàn-án, owó ìtanràn ti gùn ún. Ìrẹsì funfun ni mo fi sún oṣù yẹn dé òpin. Mo wá ní kò burú, màá lọ jẹ owó mi padà lọ́dọ̀ ọ́kẹ́sírà tí SWR, ilé iṣẹ́ rédíò agbègbè wa, ń fi owó náà bọ́. Bí mo ṣe di èrò gbọ̀ngàn wọn nìyẹn.

Ìlú Baden-Baden ni wọ́n ti dá ọ́kẹ́sírà náà sílẹ̀ ní 1946, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nígbà náà. Hans Rosbaud di adarí wọn ní 1948. Heinrich Strobel ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ orin ní rédíò náà. Láti 1950 ni wọ́n ti ń lọ sí Donaueschingen, ìlú kékeré kan, lóṣù Kẹwàá, láti ṣe orin tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe orin Metastaseis tí Iannis Xenakis kọ, ní 1955: olórin 61, kò sí méjì tó ń ṣe nǹkan kan náà. Ní 1961, ó kan Atmosphères tí György Ligeti kọ. Àwọn èrò ní kí wọ́n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀!

Ọ́kẹ́sírà tó ń jẹun látinú tíkẹ́ẹ̀tì ò ní dán irú ẹ̀ wò. Ìdánrawò orin bẹ́ẹ̀ ń jẹ ọjọ́ bí iná ṣe ń jẹ koríko, ta ni yóò sanwó àwọn ọjọ́ náà? Owó tí mò ń bínú sí yẹn ni.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ Atmosphères, mo dìde jáde kó tó parí, orin tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá o. Mo ti ń retí ohùn tí màá gbá mú, ìlù tí màá mi orí sí, kò síkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo dùbúlẹ̀, mo pa iná, mo tún un gbọ́. Ọjà Bódìjà ló wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń hó téèyàn bá wà lókèèrè. Ẹ ò ní gbọ́ ẹni tó ń ná ata, ẹ ò ní gbọ́ kọ̀ndọ́ ọkọ̀, ọjà lẹ máa gbọ́. Ligeti fún onífayolíìnì kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, ó wá po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ má ka àlàyé kankan ṣáájú.

Ní 2012 ni rédíò náà pinnu pé àwọn fẹ́ ṣọ́wó ná, àwọn á pa ọ́kẹ́sírà náà pọ̀ mọ́ ti Stuttgart. Ní oṣù Keje 2016 ni wọ́n ṣeré ìkẹyìn, ní Freiburg níbẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, yúrò 17.50 náà ni mo san.