Báwo la ṣe ń tọ́jú lẹ́tà àfọwọ́kọ àtijọ́ sí ilé-ìkàwé l'Ékòó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sẹ̀lótéèpù lẹ ibi tó ya, ẹ má sì lámínéètì rẹ̀! Gọ́ọ̀mù sẹ̀lótéèpù máa ń ba bébà jẹ́. Ọ̀tá tó burú jù ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọ̀rinrin ọ̀sà, òun ló ń mú kí èébu bo ìwé. Ẹ tẹ́ ẹ sínú fódà tí kò ní ásíìdì, kí àpótí rẹ̀ má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Pẹ́ńsù nìkan ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sí i. Nínú kátálọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó wà ní ilé-ìkàwé, ẹ kọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, ọjọ́, ibi tó ti wá, èdè àti iye ojú ìwé. Bí lẹ́tà bá pọ̀, ẹ má tú ètò tí ẹni tó ni wọ́n fi tò wọ́n ká. Àpẹẹrẹ ìwé àtijọ́ tó wà ní ilé-ìkàwé ni àwọn ìwé Herbert Macaulay, ọmọ Èkó tó kú ní 1946; wọ́n wà ní ilé-ìkàwé Kenneth Dike, Yunifásítì Ìbàdàn.