Kí ló dé tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọjú sí ara wọn?

Ìyá kan tó wà ní Leeds, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti lọ bá ọmọ wọn gbé ọmọ tuntun, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Wọ́n ní ọmọ wọn mú àwọn lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àtijọ́ kan níbẹ̀. Àwọn akọrin pín sí apá méjì níwájú, wọ́n kọjú sí ara wọn, wọn ò wojú ìjọ. Wọ́n kọ Sáàmù, wọ́n kọ orin Màríà àti ti Síméónì, wọ́n tún kọ áńtẹ́ẹ̀mù kan tó gùn, gbogbo ìjọ sì dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Kí ni ìtumọ̀ ìjókòó yẹn? Ṣé látilẹ̀ wá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀? Ṣé wọn ò fẹ́ kí ìjọ bá wọn kọrin ni? Bí àwọn bá tún lọ, ṣé kí àwọn dìde ni, àbí kí àwọn jókòó?

Ẹ kú ọwọ́ lómi, Mà. Leeds gan-an ni ìlú tó yẹ kéèyàn ti béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Sáàmù ló bí ìjókòó náà. Kí Ọba Henry Kẹjọ tó tú ilé àwọn mọ́ńkì ká láàárín ọdún 1536 sí 1540, Sáàmù kíkọ ni iṣẹ́ òòjọ́ àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ̀sán tòru. Ìdajì wọn á wà lápá ọ̀tún, ìdajì lápá òsì. Àwọn tọ̀hún á kọ ẹsẹ kan, àwọn tìhín á gba èyí tó kàn, títí Sáàmù á fi parí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé lílé àti ègbè tiwa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Nínú lílé àti ègbè, ẹnì kan ló ń lé, àwọn yòókù ló ń gbè é. Níbí, kò sẹ́ni tó ń lé. Apá méjèèjì dọ́gba, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé láti ẹnu dé ẹnu, bí àwọn kan bá sì ń kọ, àwọn kejì ń mí, wọ́n ń gbọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní láti kọjú sí ara wọn: ẹni tí o fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, o gbọ́dọ̀ máa wò ó lójú.

Àwọn mọ́ńkì lọ, ṣùgbọ́n àwọn kàtídírà di àṣà náà mú. Ní ọdún 1549, nígbà tí Thomas Cranmer, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ṣe Ìwé Àdúrà àkọ́kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó pa ìsìn méjì tí àwọn mọ́ńkì ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ àti kí wọ́n tó sùn pọ̀ di ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí ìsìn ìrọ̀lẹ́ fi ní orin méjì tí àwa náà mọ̀ bí ẹni mowó: “Ọkàn mi yìn Olúwa lógo” ti Màríà wá láti inú ìsìn ìrọ̀lẹ́ àtijọ́, “Olúwa, nígbà yìí ni o tó jọ̀wọ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ lọ́wọ́ lọ” ti Síméónì sì wá láti inú èyí tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó sùn. Ó tún pín àádọ́jọ Sáàmù sí ọgbọ̀n ọjọ́, ti òwúrọ̀ lọ́tọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n lè ka gbogbo rẹ̀ tán lóṣooṣù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ọmọdé akọrin máa ń bẹ̀rù. Sáàmù 78 nìkan ló bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ náà, ẹsẹ rẹ̀ sì lé ní 70! Bí kò bá sí apá kejì tó ń gbà á lẹ́nu ẹni, ọ̀nà ọ̀fun ì bá gbẹ kí wọ́n tó dé orí Dáfídì olùṣọ́-àgùntàn ní ìparí.

Apá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹ bá kọjú sí pẹpẹ ni wọ́n ń pè ní Decani, torí ìhà ibẹ̀ ni dean, olórí àwọn àlùfáà kàtídírà, máa ń jókòó. Ti òsì ni Cantoris, ìhà ọ̀gá orin. (Ní àwọn kàtídírà díẹ̀, bíi Durham àti Ely, ó yí padà.) Àwọn ọmọdé tó ń kọ tírẹ́bù máa ń wà níwájú, àwọn àgbà wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí i pé apá kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tirẹ̀: tírẹ́bù, áátò, tẹ́nọ̀ àti béèsì. Kúáyà méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan tí wọ́n là sí méjì. Àwọn tó ń kọ ìwé orin mọ èyí, wọ́n á kọ ọ́ sórí ìlà orin pé kí Decani nìkan kọ ibí yìí, kí Cantoris dá wọn lóhùn, kí gbogbo wọn pàdé ní “Ògo ni fún Baba”. Nígbà tí ẹ bá tún lọ, ẹ di etí sílẹ̀ de ibẹ̀. Ohùn tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ọ̀tún sí òsì á ṣàdédé kún gbogbo ilé. Mo ti wà nínú kúáyà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara mi ṣì máa ń dìde níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ béèrè bóyá látilẹ̀ wá ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ní kàtídírà, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, rárá o, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í mọ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe ìsìn, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì kúrò lábẹ́ Póòpù, ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní kúáyà rárá. Sáàmù tí wọ́n sọ di ewì, èyí tí ìwé rẹ̀ jáde lódindi ní 1562, ni gbogbo ìjọ jọ ń kọ. Nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, akọ̀wé ìjọ á ka ìlà kan, àwọn ènìyàn á kọ ọ́ tẹ̀lé e, á tún ka èyí tó kàn. Ní 1644, ilé aṣòfin àwọn Píúrítánì, àwọn onígbàgbọ́ tó fẹ́ ìsìn tí kò ní ọ̀ṣọ́, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ dùùrù kúrò nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kò sì rówó ra òmíràn fún nǹkan bí igba ọdún. Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Láti nǹkan bí 1700 lọ, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ abúlé kó ara wọn jọ: kápẹ́ńtà, alágbẹ̀dẹ, àgbẹ̀, aránṣọ. Wọ́n gbé violin, cello, àti fèrè ńlá onígi tí wọ́n ń pè ní bassoon, wọ́n gun gálárì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọrin pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá láti ilé. Bó bá tó àkókò orin, ìjọ á yí ẹ̀yìn padà sí pẹpẹ, wọ́n á kọjú sí gálárì.

Leeds wà lára ibi tí nǹkan ti yí padà. Ìlú aṣọ híhun ni, ilé iṣẹ́ kún ibẹ̀, èrò ń wọ́ wá láti ìgbèríko, àwọn tí kì í ṣe Áńgílíkà sì pọ̀ gan-an níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà ti ní àwọn akọrin aláṣọ funfun díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Walter Farquhar Hook dé gẹ́gẹ́ bíi fíkà, àlùfáà tó ń ṣàkóso ṣọ́ọ̀ṣì náà, ní 1837, aṣọ wọn ti gbó, ìwé wọn ti ya. Hook fúnra rẹ̀ kì í ṣe olórin. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé tálákà tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìhunṣọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsìn tó lẹ́wà bíi ti kàtídírà, láìjẹ́ pé ó rìnrìn àjò lọ sí kàtídírà York. Ó wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà, ó tún un kọ́, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 1841. Àlùfáà ará Áílándì kan, John Jebb, ló gbà á nímọ̀ràn nípa ètò orin. Wọ́n kó àwọn akọrin kúrò lẹ́yìn, wọ́n gbé wọn wá síwájú pẹpẹ, ibi tó jẹ́ pé àwọn àlùfáà ló ni ín tẹ́lẹ̀, wọ́n wọ̀ wọ́n ní ẹ̀wù funfun, wọ́n pín wọn sí Decani àti Cantoris bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì náà kò ní dean kankan. Wọ́n sì ń kọ ìsìn lórin lójoojúmọ́.

Ní 1842 wọ́n gba Samuel Sebastian Wesley láti kàtídírà Exeter wá tẹ dùùrù. Ọmọ-ọmọ Charles Wesley ni, ẹni tí orin rẹ̀ kún inú ìwé orin wa. Ó burú gan-an fún àwọn kàtídírà pé atẹdùùrù tó mọṣẹ́ jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà fi wọ́n sílẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ka orin sí. Ó kọ ìwé kan ní 1849 tó fi bá àwọn kàtídírà wí, ó ní kúáyà tó bá máa ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, àgbà ọkùnrin inú rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ dín sí 12. Ó fẹ́ràn ẹja pípa púpọ̀. Ní oṣù Disẹ́ḿbà 1847, níbi tó ti ń pẹja nítòsí Helmsley, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán, ó sì wà lórí ìdùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn náà ló gbé áńtẹ́ẹ̀mù kan jáde láti inú Sáàmù 51, èyí tó parí sí “kí àwọn egungun tí ìwọ ti rún kí ó lè máa yọ̀”. Ohùn orin náà ro gan-an ní ibi “rún” yẹn, ohùn á forí gbárí. Àwọn akọrin ò yé sọ ọ́ títí dòní pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń ro.

Bí Leeds ṣe ṣe é ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wò kọ́. Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ó di pé abúlé tí kò ní ju akọrin mẹ́wàá lọ náà ní àga kúáyà méjì tó kọjú sí ara wọn níwájú pẹpẹ. Wọ́n lé àwọn onífèrè gálárì dànù, wọ́n fi dùùrù rọ́pò wọn, wọ́n tilẹ̀ wó gálárì míì. Ó dùn mí fún àwọn kápẹ́ńtà àti alágbẹ̀dẹ wọ̀nyẹn. Àwọn ni wọ́n gbé orin ró ní ìgbà tí kò sẹ́ni tó bìkítà, wọ́n sì lọ láìsí ẹni tó kí wọn. Síbẹ̀, ètò Hook ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ òtòṣì láti kọ́ ìwé orin lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí bí mo ṣe lè pe ìyẹn ní ohun kékeré. Àwọn ọmọkùnrin ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ó di 1991, ní Salisbury, kí kàtídírà kan tó dá kúáyà àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n ń kọ ìsìn bíi ti àwọn ọmọkùnrin.

Àṣà tí a ń wò bí ohun àtayébáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìjọ onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta lọ lọ́jọ́ orí. Wọn ò tíì lo ọdún méjì nínú ṣọ́ọ̀ṣì Leeds tuntun náà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend fi wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní 1843. Àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà tó rán an wá, kì í tilẹ̀ ṣe ara àwọn tó fẹ́ràn irú ètò bẹ́ẹ̀. Èkó ni gbòǹgbò rẹ̀ ti múlẹ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa, lọ́wọ́ Thomas Ekundayo Phillips, tó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní London, tó sì jẹ́ ọ̀gá orin ní Christ Church, Marina, láti 1914 títí di 1962. Fela Sowande, tó di gbajúmọ̀ olórin, wà lára àwọn ọmọdé tó kọrin lábẹ́ rẹ̀. Phillips rí ohun tí ẹni tó wá láti Leeds kò lè rí: ohùn tí wọ́n fi ń kọ Sáàmù máa ń to ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí ohùn kan ṣoṣo, kò sì sí bí Yorùbá ṣe máa yé ènìyàn lórí ohùn kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn tó ń tẹ̀lé bí ọ̀rọ̀ wa ṣe ń lọ sókè sódò.

Ní ti pé bóyá wọn ò fẹ́ kí ẹ kọrin: wọn ò lé yín, Mà. Ìdí tí wọn ò fi wojú ìjọ ni pé kì í ṣe ìjọ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Àdúrà ni, ẹ sì ń gbà á pẹ̀lú wọn bí ẹ ṣe ń gbọ́, bí a ṣe ń ṣe nígbà tí ẹnì kan bá ń gbàdúrà tí a ń ṣe àmín. Àríyànjiyàn wà lórí èyí láti ìgbà Hook, àwọn kan ní ó gba orin lẹ́nu ìjọ, mo sì gbà pé wọ́n rí òtítọ́ kan. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí orin ìwé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ máa wà nínú ìsìn náà.

Ẹ dìde nígbà tí kúáyà bá ń wọlé. Bó bá kan Sáàmù, ẹ wo àwọn tó wà níwájú yín, torí ibì kan ń jókòó, ibì kan ń dúró. Ẹ dìde fún orin Màríà àti ti Síméónì. Bó bá kan Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, ẹ ó rí i tí àwọn akọrin yí padà, tí gbogbo wọn kọjú sí pẹpẹ: ìgbà tí wọn kì í kọjú sí ara wọn nìyẹn, ẹ bá wọn sọ ọ́ sókè. Ẹ jókòó fún áńtẹ́ẹ̀mù, ẹ má pàtẹ́wọ́ bó bá parí. Bí wọ́n bá pe nọ́ńbà orin ìwé, ẹ kọ ọ́ tọkàntọkàn, kódà bó jẹ́ ti Yorùbá lẹ mọ̀, ohùn kan náà ni.