Ọmọ mi ò fẹ́ ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì, ṣé kí n dá a padà s'Ìbàdàn ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Òkè-Àdó n'Ìbàdàn ni mí, Glasgow la ń gbé báyìí. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó bá ti di họ́mùwọ́ọ̀kì báyìí ogun dé nìyẹn, á ní òun ò ṣe, á ju pẹ́ńsù sílẹ̀, níjẹta ó wò mí lójú ó ní mi ò lè fipá mú òun. Èmi tí mo bí i! Ìyá mi tí wọ́n ń gbọ́ ariwo wa lórí WhatsApp ní kí n dá a padà wálé, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, pé n'Ìbàdàn kò sọ́mọ tó jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Ó ti fẹ́ máa wọ̀ mí létí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, Leeds la wà, Mọ́kọ́lá ni wọ́n ti bí mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má torí họ́mùwọ́ọ̀kì dá ọmọ padà, ohun tó ń sá fún nínú ìwé yẹn á bá a wọ bàálù ni, tó bá sì dé'bẹ̀ wọ́n á tún fi lẹ́sìn lé e lẹ́yìn iléèwé.

Ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ kàn máa wo ọwọ́ ẹ̀. Èyí àárín lọ́dọ̀ mi, kó tó pariwo, á ti kọ ìdáhùn kan, á pa á rẹ́, á tún kọ, á tún pa á rẹ́, á máa fi kílínà ha bébà yẹn títí á fi lu, ìgbà yẹn ló máa wá ní ìṣirò ò wúlò fún nǹkan kan. Àṣé táímù tébù méje àti mẹ́jọ ni ò mọ̀ lórí, ojú sì ń tì í. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í fẹ́ sọ pé kò yé òun, ó yá a lára kó ní òun ò ṣe, torí aláìgbọràn ṣì sàn lójú ẹ̀ ju olódo lọ.

Kẹ́ ẹ tó mẹ́nu ba ìwé, oúnjẹ. Ọ̀sán ni wọ́n ti jẹun níléèwé, nígbà tó bá sì di oṣù Kejìlá, kí aago mẹ́rin tó lù ní Glasgow yín oòrùn ti wọ̀. Ìrẹsì díẹ̀ àti dòdò, kó sáré ká, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Tí ò bá parí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé ẹ̀ pé ibi tó yé e dé rèé, tíṣà ẹ̀ nílò láti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó sọ sí yín yẹn dunni o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a lóhùn níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ń bá a jà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò nìyẹn. Ó di ọjọ́ kejì tára ẹ̀ bá balẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún un pé a kì í bá ìyá ẹni sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹgba, òfin Scotland ti ka nínà ọmọ léèwọ̀ pátápátá láti oṣù Kọkànlá 2020, ẹgba ò sì lè kọ́ ọ ní táímù tébù.

Àmọ́ ìyá yín rí nǹkan kan. Ní Mọ́kọ́lá, ṣọ́ọ̀bù màmá wa la ti ń ṣe iṣẹ́ iléèwé, ọmọ onílé, bùọ̀dá télọ̀ ọ̀ọ́kán, ẹni tó bá ṣáà mọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ wo tiẹ̀, á ní "gbé e wá". Ẹ̀yin méjèèjì péré lẹ wà ní kíṣìnì yẹn, ó sì ti rẹ ẹ̀yin méjèèjì. Torí náà ẹ fún ìyá yín níṣẹ́: ẹ pè wọ́n lórí fídíò, ẹ gbé fóònù ti kọ́ọ̀pù, kó máa kàwé fún wọn, kó máa ṣàlàyé ìṣirò fún wọn. Kí wọ́n má bá a wí o, kí wọ́n kàn máa ní "báwo lo ṣe ṣe é, tún un ṣe kí n rí i". Wákàtí kan péré ni Ìbàdàn fi ṣáájú yín nígbà òtútù, wọn ò ní tíì sùn. Ẹ máa ra dátà fún wọn.

Tí iléèwé bá wá gba ọlidé ní ìparí oṣù Kẹfà, tówó bá wà, ẹ mú un lọ s'Òkè-Àdó, kó lọ ṣeré, kó má gbé ìwé kankan dání.