Ta ló yọ oòrùn kúrò nínú àsíá wa?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ìbejì mi fẹ́ẹ̀ lura wọn lálẹ́ Sátidé nídìí iṣẹ́ àmúrelé. Kẹ́hìndé ní Lugard ló ṣe àsíá Nàìjíríà. Táíwò ní irọ́ ni, pé ọmọ Yorùbá ló yà á, àti pé oòrùn wà láàárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí mo máa gbè. Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí tiẹ̀ ni àsíá yìí jẹ́ sí ẹ̀yin fúnra yín? – Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Táíwò ló jàre, kò sì yà mí lẹ́nu, torí Táíwò lorúkọ ẹni tó ya àsíá náà: Michael Táíwò Akínkúnmi, tí wọ́n bí n'Ìbàdàn ní 1936. Lugard ti kú láti 1945. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló dàrú mọ́ Kẹ́hìndé lójú. Flora Shaw, kó tó di ìyàwó Lugard rárá, ló dá orúkọ Nàìjíríà lábàá nínú ìwé ìròyìn The Times ní 1897. Orúkọ lọ́tọ̀, àsíá lọ́tọ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni Akínkúnmi wà, tó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Norwood Technical College, nígbà tó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn ní ilé ìkàwé lọ́dún 1958, pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ya àsíá fún wa, òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn. Ó ya tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Àwọn tó fi tiwọn ránṣẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, tirẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n sì fún un ní £100. Àwọ̀ ewé dúró fún ilẹ̀ wa tó lọ́ràá, funfun dúró fún àlàáfíà. Orí funfun yẹn ló ya oòrùn pupa sí, tòun ti ìtànṣán rẹ̀. Àwọn tó ṣèdájọ́ ìdíje náà ló yọ ọ́ kúrò. Lójú tèmi, wọ́n ṣe é re. Ọmọ tí kò ní ju krẹ́yọ̀n kan ṣoṣo lọ lè ya àsíá wa, bébà á fún un ní funfun lọ́fẹ̀ẹ́.

Akínkúnmi padà wálé ní 1963, ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn títí di 1994, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá pàdé lójú títì. Ewé àti funfun ló fi kun ilé rẹ̀. Ọdún 2014 nìjọba tó fi oyè OFR dá a lọ́lá. Ó kú ní August 29, 2023.

Ẹ wá bi mí léèrè tèmi. Télọ̀ ni ìyá mi. Bí October 1 bá ti ń sún mọ́lé, ó máa ń rí àsíá rán. Àárín ilé ló ń tẹ́ aṣọ sí, abala mẹ́ta tó dọ́gba, òró sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ dúró. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan rán wọn níbùú nígbà kan, ìyá mi ní kó tú u délẹ̀. (Àsíá wa ò lórí, kò nídìí o. Ẹ dà á kodò, bákan náà ni.)

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹfà, èmi ni mò ń fa àsíá sókè láàárọ̀. Mo rí i pé eruku ti mu funfun rẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n kí mi káre. Mo gbé e wálé lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ láìsọ fẹ́nì kan. Aṣọ ewé ṣí, ó kó bá èkejì rẹ̀, funfun di omi ewúro. Mo ṣì fà á sókè láàárọ̀ Mọ́ńdè, bóyá wọn ò ní rí i. Tíṣà wò ó, ó wò mí, ó na ọwọ́ mi ní pàṣán mẹ́fà.

Ìyá mi ò nà mí. Ó tú okùn abala àárín, ó wá aṣọ funfun títí kò rí, ló bá lọ gbé ìró funfun tó fi ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì gé etí rẹ̀. Ìró yẹn ò ká a mọ́ dáadáa mọ́ lẹ́yìn náà, ó ń fi ọwọ́ dì í mú bó bá ń rìn. Ní gbogbo ìyókù ọdún yẹn, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá dúró ṣánṣán níwájú àsíá, ìró ìyá mi lèmi ń wò.