Ooru Inú Yìí Kì Í Ṣe Àfiṣe

Lẹ́tà tó wọlé láti Iléṣà, mo gé e kúrú:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún 49 ni mí, aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Atákúnmọ́sà. Oṣù keje rèé tí mi ò rí nǹkan oṣù mi. Ooru kàn máa ń ru sí mi láti àyà dé orí, mo ti tú gèlè sílẹ̀ níwájú oníbàárà rí. Mi ò sùn mọ́ lóru. Tí bàbá àwọn ọmọ bá sún mọ́ mi, ó ń dùn mí gan-an, ni mo bá ń sá fún wọn, wọ́n sì ti ń bi mí pé ta ni mò ń fẹ́ níta. Wòlíì wa ní ayé ló ń bá mi jà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní tí nǹkan oṣù bá ti dúró, obìnrin ò gbọdọ̀ bá ọkùnrin sùn mọ́, pé àtọ̀ ò ní ríbi gbà jáde, ikùn á wú. Ẹnìkan lọ́jà ti bá mi wá àgbo tó máa fa nǹkan oṣù padà. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Aláṣọ.”

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ìfaradà. Àgbo yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí náà òun ni n ó kọ́kọ́ mú. Ẹ má mu ún. Iye ẹyin tí obìnrin máa lò láyé ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Wọ́n ń dínkù lọ́dọọdún ni, nígbà tí wọ́n bá sì ń tán lọ, họ́mọ́ọ̀nù (èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara) tí wọ́n ń pè ní estrogen náà á máa lọ sílẹ̀, nǹkan oṣù á sì dúró. Kò séwé, kò ségbò tó lè dá ẹyin tó ti tán padà. Tí àgbo bá mú ẹ̀jẹ̀ wá, ẹ̀jẹ̀ lásán ni, á sì da dókítà lójú rú.

Àárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dúró, tiyín ò yá, kò sì pẹ́. Àmọ́ àfi tó bá pé oṣù 12 gbáko láìrí i ni wọ́n tó ń sọ pé ó dúró. Ó ṣì lè yọjú sí yín, oyún náà sì ṣì lè dé. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ kí ọkàn yín balẹ̀.

Ní ti wòlíì, ẹ máa gbàdúrà yín lọ. Ṣùgbọ́n ayé tó bá lè dá nǹkan oṣù gbogbo obìnrin dúró láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà dé Ifẹ̀, ayé yẹn mà ń ṣiṣẹ́ o! Ohun tó ń fa ooru náà ni pé ibi tó ń ṣọ́ ìgbóná ara nínú ọpọlọ ti ń tètè fòyà nítorí estrogen tó dínkù. Ara ò gbóná jù, òun á ní ó ti gbóná jù, á sì ti ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara, ni ẹ ó bá máa làágùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, àmọ́ ó lè máa bá àwọn kan fínra fún ọdún 7, kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń taṣọ mọ̀ jù mí lọ: olówùú ni kẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ́jà, kẹ́ ẹ fi lẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ fún òde. Ẹ ṣọ́ ata, tíì gbígbóná àti ọtí, kẹ́ ẹ wo èyí tó ń ru ú sókè nínú wọn.

Ẹ ṣáà má gbé gbogbo rẹ̀ sórí ọjọ́ orí. Ikọ́ ife náà ń mú èèyàn làágùn lóru, gègé náà lè fa ooru. Ilé ìwòsàn Wesley Guild wà nítòsí yín, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ rí dókítà àwọn obìnrin. Wọ́n lè fún yín ní oògùn họ́mọ́ọ̀nù tí ooru bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn tí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì lẹ́sẹ̀ yín rí.

Ọ̀rọ̀ yàrá ló kù, òun ni mo sì rò pé ó jẹ́ kí ẹ kọ̀wé. Estrogen yìí kan náà ló ń jẹ́ kí ojú ara tutù. Bó ṣe ń dínkù, ibẹ̀ ń gbẹ, awọ rẹ̀ ń di fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn yín. Ẹ ò kórìíra ọkọ yín. Jẹ́lì olómi wà ní ilé oògùn, wọ́n ń lò ó nígbà ìbálòpọ̀. Tí kò bá tó, dókítà lè kọ ìpara estrogen tí wọ́n ń fi síbẹ̀. Ẹ má ki álọ́ọ̀mù bọ ibẹ̀, ẹ má ra oògùn ìdí tí wọ́n ń polówó lórí fóònù. Ṣe ni wọ́n á tún gbẹ ẹ́ sí i.

Àtọ̀ kì í dúró de nǹkan oṣù kó tó jáde, ì báà jẹ́ lára ọmọ ogún ọdún. Èyí tó pọ̀ jù ń ṣàn jáde fúnra rẹ̀, ara ń fa ìyókù mu. Ohun tó ń bí mi nínú nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé tí ikùn obìnrin bá wá wú lóòótọ́, ọkọ ni wọ́n á dá lẹ́bi, tí kókó inú ilé ọmọ tàbí jẹjẹrẹ á sì máa dàgbà lọ. Bákan náà, tí ẹ bá ti pé oṣù 12 tí ẹ tún wá rí ẹ̀jẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan, ọjọ́ kejì ni kí ẹ wà lọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ bá bàbá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, kì í ṣe lórí ibùsùn o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹyán tán. Ẹ ní: “Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ yín, ó ń dùn mí ni, oògùn rẹ̀ sì wà.” Ẹ sọ fún wọn pé ìbéèrè tí wọ́n bi yín dùn yín. Tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n sìn yín lọ sí Wesley.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ẹ máa kí wọn dáadáa, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì ròyìn yàrá yín fún wọn mọ́.