Ṣé àwáwí ni "ewé rẹ̀ ni kò pé"?

Ẹnìkan béèrè bóyá òwe tó ní "Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé" kì í ṣe àwáwí adáhunṣe tí àgbo rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń lò ó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń dùn mí, torí ohun tí òwe náà ń sọ yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo "jẹ́". "Mo pè é, kò jẹ́ mi," ìyẹn ni pé kò dáhùn. Oògùn tó jẹ́ ni èyí tí a pè tó dáhùn. Bí kò bá dáhùn, òwe yìí kò bú ewé rárá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é ló dá ẹ̀bi sí.

"Kò pé" náà sì ju iye ewé lọ. Ẹ lọ béèrè asòfẹ́yẹjẹ ní Ọjà Bódè níbí n'Íbàdàn. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tó mọṣẹ́ yóò bi yín pé: ewé ni, àbí egbò? Egbò rẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń tọ́jú alárùn ọpọlọ. Ní 1952, àwọn onímọ̀ yọ èròjà oògùn kan tó ń jẹ́ reserpine nínú egbò ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà, wọ́n sì lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọpọlọ. Tiwa náà ní reserpine, inú èèpo egbò ló sì pọ̀ sí. Ẹni tó já ewé nìkan wálé, ewé rẹ̀ kò pé nìyẹn, ì báà kún apẹ̀rẹ̀.

Nígbà mìíràn, bí a ṣe ṣe é ni kò pé. Ní Ṣáínà, onímọ̀ oògùn kan, Tu Youyou, ń wá oògùn ibà nínú ewéko qinghao: ó jẹ́ lónìí, kò jẹ́ lọ́la. Ó padà sínú ìwé ìṣègùn àtijọ́ tí Ge Hong kọ, ó rí i pé wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á fún un, wọn kì í sè é. Àṣé ooru ló ń ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́! Ó yí ọ̀nà padà, ó fi ether, omi kẹ́míkà kan tí kì í pẹ́ hó, yọ ọ́ láìjẹ́ kó gbóná jù, ewé sì jẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Orúkọ náà gbọ́dọ̀ pé. Ewé méjì lè jọra bí ìbejì, ìlú méjì sì lè fi orúkọ kan pe ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní FRIN, ilé ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò n'Íbàdàn níbí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewé gbígbẹ ló wà lórí bébà, pẹ̀lú orúkọ àti ibi tí wọ́n ti já wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń gbé ewé tiwọn lọ fi wéra, kí wọ́n tó dáná sí ohunkóhun nídìí.